Ìwé Alágbàfọ̀

Èédú ni wọ́n ń kó gba èbúté Kádíìfù nígbà náà,
èédú lójú omi, èédú lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì,
èédú nínú ikọ́ ọmọdé.
Lau Sek-yiu sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀,
ó yá yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹrù,
ó ra ìkòkò ńlá méjì àti àyọ́ọ̀nù mẹ́fà
(èédú kan náà ló fi ń mú wọn gbóná),
ó kọ orúkọ rẹ̀ sára gíláàsì
lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò kò lè pè.
Alágbàfọ̀ kì í bá odò ṣọ̀tá,
ṣùgbọ́n odò ibẹ̀ ti dúdú;
omi ẹ̀rọ ló fi ń fọṣọ, ó ń sanwó rẹ̀.

Wọ́n fọ́ gíláàsì náà lóru ọjọ́ kan.
Ó ra òmíràn, ó tún orúkọ kọ.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gbé páálí wá bá wa nílé ìpamọ́ ìwé:
Glenys Lau, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tó gbọ́ èdè Wẹ́líṣì ju èdè bàbá bàbá rẹ̀ lọ.
Èmi ni mo ń ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan.
Òun a fìka tọ́ ọ, a máa kà á díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tó ń yọ egungun lára ẹja.
"Kò mọ orúkọ òyìnbó í kọ," ó ní,
"ìrísí wọn ló ń kọ sílẹ̀."
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ojú oníbàárà ni ọkùnrin yìí wò.

Apárí: kọ́là mẹ́rin.
Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀: aṣọ tábìlì kan.
Ọlọ́pàá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rùn: ṣẹ́ẹ̀tì méje, kò tíì sanwó.
Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú ní Ọjọ́bọ̀: kóòtù dúdú. Má gbowó.

Nígbà tó yá, ó dákẹ́.
"Mẹ́ta," ó ní. "Mẹ́ta, àlàfo díẹ̀, mẹ́ta.
Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, kọ́là méjì.
Mẹ́ta kí ni? Bàbá mi náà rò ó títí tó fi kú."
Ó fi hàn mí: ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ léra wọn,
bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ṣáínà ṣe ń kọ mẹ́ta.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé náà.
"Màmá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyí."

Àbàjà ni. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì;
imú ọkùnrin náà ló wà nínú àlàfo yẹn.
Bóyá adánámọ́kọ̀ ni, n kò mọ̀.
Kì í ṣe ẹbí mi. Àwọn tiwa kò rí òkun rí,
oko ni wọ́n ń ro ní Ìsẹ́yìn.
Ṣùgbọ́n irú ojú yẹn ló ń jókòó
síwájú ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀ ilé wa,
tó ń bi mí bóyá mo ti wẹ̀.

Glenys wo ojú tèmi, tí wọn kò bù ní nǹkan kan.
"Ṣé ó máa ń dunni?"
Mo ní bàbá mi kò rántí.

Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé síbi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà báyìí.
Ìjọba ìlú ti ṣèlérí pátákó;
wọ́n ní àyè ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀.
Ìlà kan!
Ta ni a fẹ́ fi ìlà kan dá mọ̀?

Ní ìparí ìwé: Mẹ́ta, àlàfo, mẹ́ta.
Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. A ti lọ̀ ọ́. Kò tíì wá gbà á.
Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún un kọ: kò tíì wá.
Ọdún mọ́kànlá.
Mo tan iná, mo ya gbogbo rẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan.